Omi Ìdákẹ́ láti Kànga Ánà Mímọ́

Aago márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo kúrò nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bọ́lá, nìkan la wà lójúde. Orúnkún tó ń dùn ún ti dá a dúró sílé fún oṣù mẹ́ta, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò rí ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó na kẹ́ẹ̀gì kékeré sí mi, kí n fi pọn omi ìwòsàn wá fún orúnkún náà láti kànga Ánà Mímọ́.

"Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ ti kú, bóyá lo ń sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá lójúmọ́. Ìwọ ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí. Bí o bá fọhùn kí omi tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti di omi lásán nìyẹn."

Mo wọkọ̀ dé Ayépé ní náírà kan, iye owó ọkọ̀ nígbà náà, mo sì fẹsẹ̀ rin ọ̀nà ilẹ̀ pupa dé abúlé tí kànga wà. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní, lọ́dún ọ̀dá kan, àgbà obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ fi ọmọ odó gún ilẹ̀, omi sun. Ó pọn tirẹ̀, ó lọ láìkí ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú wo ló ń kọjá láìkíni?" ni ìyá náà bi mí. "Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé Ánà Mímọ́ ni, ìyá ìyá Jésù."

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá pọn ọ́n fi gbọ́dọ̀ dákẹ́ délé, kó sì bo omi rẹ̀. Nídìí kànga tiwa nílé, ìjà àti ẹ̀rín la fi ń pọnmi. Mo jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín kí n tó pọn, torí ẹni tó bá pọn tán kò lè ná ọjà mọ́. Mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì, mo dé e, mo fi í sínú àpò.

Nígbà tí mo wọ ọkọ̀ Pijó tó ń padà sí Ìjẹ̀bú-Òde ní Ayépé, dẹ́rẹ́bà kí mi. Mo tẹríba. Ó béèrè ibi tí mo ti máa sọ̀. Mo nawọ́ síwájú.

"Odi ni," ló wí.

Aránṣọ obìnrin kan jókòó tì mí, ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń lọ tún ṣe sórí itan. "Ó mà ṣe o! Ẹ wò ó bó ṣe gbayì. Ọkọ mi tó kú, lójú oorun gan-an, ó ń rojọ́ ni. Bí mo bá tún máa lọ́kọ, irú èyí ni mo fẹ́."

"Ẹ kúkú máa mú un lọ," ni dẹ́rẹ́bà wí. "Kò lè kọ̀!"

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu. Mo rántí orúnkún Àǹtí Bọ́lá, mo pa á dé. Nígbà tí mo ń sọ̀, obìnrin náà kígbe sí mi létí bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀: "Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ayépé o!"

Àǹtí Bọ́lá gba kẹ́ẹ̀gì. "Ṣé o fọhùn?"

"Rárá, mà."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dákẹ́. Ọjọ́ yẹn ni ìdákẹ́ kọ́kọ́ ni mí lára.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àǹtí Bọ́lá rìn dé ẹnu ọ̀nà láìmú ọ̀pá, torí ó fẹ́ mọ ibi tí mò ń lọ. Mo padà sí Ayépé, mo mú ṣòkòtò kan tí kò ya dání. Obìnrin náà ń fọwọ́ rán bọ́tìnì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màdáàmù."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré jáde. "Ẹ̀yin ará Ayépé, ẹ wá wò ó! Ánà Mímọ́ ti mú odi sọ̀rọ̀!"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n obìnrin tí kò fẹ́ aláròyé kò jẹ́ kí n ráyè fọhùn.