Ìlẹ̀kẹ̀ Tí Wọ́n Bọ́ Lọ́rùn Bàbá Mi

Abíjàn ni bàbá mi kú sí, níbi tó ti lọ ń ránṣọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. A ò ní sàréè rẹ̀ ní Èjìgbò. Fọ́tò pélébé kan tó yà nígbà tó fẹ́ rìnrìn-àjò nìkan ló kù. Ìyá mi wá ní dandan, ojú ọkọ òun gbọ́dọ̀ wà lára ògiri pálọ̀ agbo ilé, láàárín àwọn bàbá tó ti lọ, kí ọmọ ẹ̀yìn ọ̀la má baà ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Èmi àti ìyá mi gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán kan lọ́nà ìlú Ara.

Ayàwòrán ní, "Ìyá, irú bàbá wo lẹ fẹ́?"

"Àbí oríṣiríṣi lẹ ń tà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ojú nìkan ni fọ́tò fún òun, ara yòókù dọwọ́ òun. "Àga tí èèyàn bá jókòó lé ni àlejò máa ń kọ́kọ́ kí, Ìyá."

"Ẹ ṣáà ṣe é kó níyì."

Ìgbà tí a padà lọ gbé e, bàbá mi ti di ọlọ́lá: agbádá òfì, agogo ọwọ́, àga onítìmùtìmù, ìlẹ̀kẹ̀ oyè pupa yòò lọ́rùn. Ìyá mi sunkún.

Ṣùgbọ́n olórí ilé wa kò jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́.

"Ìyàwó, ta ló joyè nínú yín? Owó lè ra agbádá. Ìlú ló ń fi ìlẹ̀kẹ̀ yìí sọ́rùn èèyàn. Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ kan á nàka sí àwòrán yìí, á ní bàbá òun joyè, ìjà á dé."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má lé e jáde nílé."

"Èmi ò lé e. Lọ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà, kí o gbé e wá."

Ayàwòrán kùn títí. Ó ní ọrùn á ṣófo, á dà bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ìyá mi nàka sí ọrùn àwòrán náà.

"Ẹ fi téèpù aránṣọ kọ́ ọ lọ́rùn."

"Lórí agbádá? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Kí wọ́n máa ṣe é. Téèpù yẹn ló bọ́ wa."

A tún gbé e wálé. Olórí ilé sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọrùn rẹ̀. Pupa ṣì ń yọ fírífírí lábẹ́ ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ya téèpù. Olórí ilé rí i; mo mọ̀ pé ó rí i. Ó yíjú sí wa.

"Òòlù dà?"