Ohun Tí Àlàájì Ń Pè Ní Oògùn

Iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní yàrá ìwádìí kan ní Ìkọ̀lé ṣòroó ṣàlàyé fún ará ilé ẹni. Àwọn ẹlòmíràn ń pa kòkòrò àrùn, èmi ń sìn ín. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí eégbọn máa ń kó ran ajá. Ibà á mú ajá náà, kò ní jẹun, á rù kan eegun, nígbà mìíràn imú rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀. Alágídí ni kòkòrò yìí. Kì í hù nínú àwo oúnjẹ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń hù sí, àfi inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè. Nítorí náà, mo ní láti kọ́kọ́ sin sẹ́ẹ̀lì ajá nínú ìgò pẹlẹbẹ, kí n máa pààrọ̀ omi oúnjẹ wọn, kí n gbé wọn sínú àpótí tó móoru bí ara ajá, kí n tó wá da ẹ̀jẹ̀ ajá tó ń ṣàìsàn lé wọn lórí. Lẹ́yìn ìyẹn, kí n máa retí.

Mo retí títí, kò hù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mi ń sanra, ara wọn ń dán, kòkòrò kankan ò sí nínú wọn. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í pariwo, wá sọ fún mi wọ́ọ́rọ́ pé bí èyí tó kàn ò bá tún hù, ká yí àkọlé iṣẹ́ ìwádìí mi padà, kí n lọ máa ka eégbọn lára màlúù. Kò sọ pé ọwọ́ mi ni kò dáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Èmi náà ti ń rò ó. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí gbogbo ọdún tí mo ti lò nídìí àwọn ìgò yẹn ni ì bá ṣòfò.

Lára ajá Àlàájì kan ní Ìlógbò ni mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Àgbẹ̀ ni Àlàájì, abo ajá kan tí ibà yìí mú ló sì ń bá a ṣọ́ oko. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo bi í léèrè bóyá ó ti fún ajá náà ní oògùn kankan, torí oògùn kan tó wọ́pọ̀ wà tí kòkòrò yìí ò lè kojú rẹ̀ rárá. Bí ajá bá ti gbé e mì, ká má wulẹ̀ da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Àlàájì wò mí bíi pé mo bú u.

Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti tuuba. Éè sí oògùn ní ulé mi."

Mo tọrọ àforíjì, mo fa ẹ̀jẹ̀ mi, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi. Ó yẹ kí n mọ ohun tí tuuba, ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà àwọn mùsùlùmí, ń ṣe nínú gbólóhùn yẹn, ṣùgbọ́n orí mi ti kún fún sẹ́ẹ̀lì.

Mo tún lọ fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ìgbà tí mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi, tí mo wọ takisí dé Ìdó, tí mo gun ọ̀kadà wọ Ìlógbò, abo ajá náà ti dìde, ó ń ju ìrù. Ọmọ rẹ̀ ló wá dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, tí kò lè gbórí. Àlàájì ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì dé. Ó gbé ẹ̀bà sínú àwo, ó da omi ọbẹ̀ ẹja sí i, ó yọ kápúsù pupa àti yẹ́lò kan nínú àpò jalàbíà rẹ̀, ó là á sí méjì, ó gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí ẹ̀bà náà.

Mo fa àwo náà sẹ́yìn kí ajá tó fẹnu bà á.

"Àlàájì, kí lẹ dà sí i yìí?"

"Kápúsù ni. Òun náà ni mo fún ìyá rẹ̀ tó fi dìde."

"Ẹ ṣáà ní ẹ ò fún un lóògùn."

"Kápúsù éè ṣe oògùn," ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ìgbà téèyàn ń kọ́ ọmọdé. "Oògùn ni èyí tí àwọn ọdẹ ń so mọ́ ajá lọ́rùn kó lè rorò. Òun ni mo ti tuuba."

Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kápúsù yẹn gan-an ni oògùn tí kòkòrò mi ò lè kojú. Kì í ṣe ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Látọjọ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ tó ti mu kápúsù ni mo ń gbé lọ gbé bọ̀ nínú kúlà, tí mo ń bá ara mi jà. Mo bẹ Àlàájì kó di ẹnu ọmọ ajá náà mú, mo fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni mo sì fún òun náà ní oògùn, ní ìwọ̀n tó yẹ ẹ́. Àlàájì ní kí n má pè é lóògùn.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo fojú sí máíkírósíkóòpù, mo sì rí wọn: wọ́n ṣù jọ nínú sẹ́ẹ̀lì bí ọkà bàbà tí wọ́n rọ́ sínú àpò. Mo gbójú kúrò, mo tún wò ó. Mo lọ pe ọ̀gá mi. Ó wò ó pẹ́, ó sún ìjókòó sẹ́yìn, ó ní, "Gbàgbé màlúù." Mo fara ti ògiri. Inú mi dùn, àmọ́ ìtura yẹn ju ayọ̀ lọ.

Mo gbé ìròyìn náà lọ sí Ìlógbò fúnra mi. Ajá méjèèjì ló gbó mọ́ mi dé ẹnu ọ̀nà. Mo sọ fún Àlàájì pé kòkòrò náà ti hù, pé ó ń jẹun dáadáa, pé mo ti pín in sí ìgò mìíràn.

Ó ní, "Nǹkan tó fẹ́ pa ajá mi lo ń bọ́, lo fi ń rẹ́rìn-ín?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ṣàlàyé pé bí a bá ní i lọ́wọ́, a ó lè tètè dá a mọ̀ lára ajá mìíràn, ká sì mọ oògùn tó ń ṣẹ́gun rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ọlọ́run á jẹ́ kó pẹ́ nínú ìgò rẹ̀. Kó má mọ ọ̀nà ulé mi mọ́."

Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, ṣùgbọ́n èmi náà tẹ́wọ́. Mi ò tíì fi gbogbo ọkàn ṣe àmín tó bẹ́ẹ̀ rí.