Kúlà Tó Dúró Nínú Oòrùn Inísà

Òórùn irú ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí n fura. Ní agboolé wa n'Ìkìrun, ìyàwó mi ló máa ń se irú fúnra rẹ̀, bó bá sì ti ṣí ìkòkò, ará ilé kẹta yóò mọ̀. Lọ́dún tí kòrónà dé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, àbúrò mi ọkùnrin, tó ti Èkó dé kí ìjọba tó ti ọ̀nà pa, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó mi, ó ní, "Ìyàwó wa, kí lẹ ń sè?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. A ti ń gbọ́ lórí rédíò pé ẹni tí àrùn náà bá mú kì í gbóòórùn.

Kí o lè mọ̀, iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe jẹun kí n tó fẹ̀yìn tì. Àmù omi ni mò ń yọjú wò nílé onílé, bí a bá sì ń fún àwọn ọmọdé ní àjẹsára, èmi ni mo máa ń ru àpótí oníyìnyín lọ sí abúlé. Àpótí yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ kan: bí yìnyín bá yọ́, ohun tó wà nínú ìgò yóò bàjẹ́, ojú lásán ò sì ní rí i. Ìgò náà á ṣì mọ́ roro bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni àwọn agbàyẹ̀wò ìjọba dé sí ọgbà ilé ìwé kan nítòsí wa. Wọ́n wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ń ti òwú bọ àwọn èèyàn nímú, wọ́n ń kó o sínú ìgò kéékèèké, wọ́n sì ń to ìgò sínú kúlà, irú àpótí oníyìnyín tí mo máa ń rù yẹn. Àbúrò mi lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n pè é lórí fóònù pé kò sí kòkòrò àrùn náà lára rẹ̀. Ó fò sókè, ó di yàrá ìyá wa. Ìyá wa ti darúgbó gan-an nígbà náà, èémí rẹ̀ kì í sì í já gaara. Àbúrò mi yìí sì ni àbíkẹ́yìn rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọn ò ti fojú kan ara wọn nítorí ikọ́ náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yà fún mi. Ìjọba ti ní kò sí."

"Ṣé o ti ń gbóòórùn irú báyìí?"

Ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ mi wọlé. Ìyá wa ló ké láti inú yàrá: "Ta ló ní kí ọmọ mi má wọlé? Ṣé ìwọ wolé-wolé yìí náà ni? O ti kúkú fẹ̀yìn tì!"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n wádìí díẹ̀. Àbúrò mi bínú, ó gbé àga lọ sábẹ́ fèrèsé ìyá wa, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Má rò pé mo ní ìjọba ń purọ́ o. Mo kàn fẹ́ mọ ọ̀nà tí ìdáhùn náà gbà dé ọ̀dọ̀ wa ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sí Inísà, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ olórí àdúgbò níbẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn agbàyẹ̀wò yà sí nígbà tí wọ́n kúrò n'Ìkìrun. N kò tíì jókòó tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn.

"O ò bá wà níbẹ̀! Àwọn ọmọ náà jẹ iyán títí wọ́n fi tú bẹ́líìtì."

"Kúlà wọn ńkọ́?"

"Kúlà wo?"

"Èyí tí wọ́n kó ohun tí wọ́n gbà nímú àwa ará Ìkìrun sí."

"Inú mọ́tò ló wà. Ta ló ń gbé ikun imú èèyàn wọ ibi tí a ti ń jẹ iyán?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín òun ló kọ́kọ́ dá. Ó bojú wo iwájú ilé rẹ̀ níbi tí mọ́tò náà dúró sí lọ́jọ́ náà, kò sí igi, kò sí ibòòji, ọ̀sán gangan ni wọ́n sì dé. Ó ní ẹni tó ṣáájú wọn kọ́kọ́ kọ oúnjẹ, pé àwọn ń kánjú, òun ló ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín lójú ará àdúgbò ni?" Níbi tiwa, àlejò ìjọba kì í dé ilé olórí àdúgbò kó kọjá láìfi nǹkan kan ẹnu. Bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n rí i fín nìyẹn, ará ìlú lè má tẹ́ imú sílẹ̀ fún wọn mọ́. Ọmọlúàbí ni ọ̀rẹ́ mi ṣe, àwọn náà sì fi ọmọlúàbí gbà á. Yìnyín ni kò mọ ọmọlúàbí.

Àwa méjèèjì jọ wọ mọ́tò lọ sí Òkukù, níbi tí àwọn agbàyẹ̀wò fi ṣe ibùjókòó. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì pé báwo ló ṣe yẹ kí kúlà tutù tó, láàbù wo ni wọ́n ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí sì ni láàbù náà ń ṣe bó bá gbóná dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ̀yin bàbá, àṣírí ìjọba nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èwo ni àṣírí níbẹ̀? Imú wa ni, kì í ṣe imú ìjọba."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí jìnnìjìnnì bá ará ìlú ni?"

A ò bá a jà. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ohun tí àgbà mọ̀ ọ́n ṣe jù ni ìjókòó. Ẹni tó bá wọlé, tó kí wa, tó bi wá pé ṣé kò sí wàhálà o, a ó sọ ohun tí a wá bi ìjọba fún un; òun náà á sì jókòó tì wá, nítorí òun náà ti tẹ́ imú sílẹ̀. Kò pẹ́ tí bẹ́ǹṣì kún, tí àwọn kan ń fara ti ògiri. Ariwo wa ló mú dókítà tó jẹ́ ọ̀gá wọn jáde. Obìnrin ni, ó kúnlẹ̀ kí wa. Mo tún ìbéèrè mi béèrè. Ọ̀rẹ́ mi wá dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, "Dókítà, èmi ni mo fún wọn ní iyán."

Obìnrin náà fa àga kan jókòó sọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Bàbá, bí kúlà bá gbóná, kòkòrò náà lè bàjẹ́ lọ́nà. Láàbù á wá sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan. Àwọn tí a yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn, tí a pè lórí fóònù pé kò sí lára wọn, òótọ́ ibẹ̀ ni pé a ò mọ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà!"

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn."

Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó ti ní kí wọ́n lẹ ìlànà gbígbé kúlà àti orúkọ láàbù mọ́ ara ògiri ìta, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe gbogbo ẹni tí wọ́n yẹ̀ wò lọ́jọ́ yẹn padà.

Mo délé, mo sọ fún àbúrò mi bí obìnrin náà ṣe wí. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Kò bá mi jà. Ó wo fèrèsé ìyá wa fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó gbé àga rẹ̀ jìnnà sí i, títí dé ìdí ọsàn tó wà láàárín àgbàlá. Láti ibẹ̀ ló ti ń pariwo kí ìyá rẹ̀ ní àràárọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò rí nǹkan kan, ara rẹ̀ sì ti yá. Ìyá wa gbá a létí lọ́jọ́ tó wọlé, ó ní ó pẹ́ jù, ó wá dì mọ́ ọn. Bóyá ó ní in nígbà àkọ́kọ́, bóyá kò ní in, kò sẹ́ni tó lè sọ títí dòní, àbúrò mi sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fi ìyá òun dù òun lásán.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó dáadáa. Nígbà tí ìjọba ní "kò sí", èmi nìkan ló kù tí mo ń dí ẹnu ọ̀nà, ọmọ ìyá mi sì di ọ̀tá mi. Nígbà tí wọ́n ní "a ò mọ̀", tí wọ́n sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa, kò sẹ́ni tó dí ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ ló gbé àga rẹ̀ jìnnà.