Ẹni Tó Ń Dúró Síwájú Mi

Mo rántí òórùn ìpara tó ń ta bí ata, tí a fi ń ra orúnkún nínú yàrá kótópó kan ní Pendleton, láàárín àwọn ọdún 1980. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Manchester, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, ló sì kó sí mi lórí. Èmi ni mo ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ wa. Ẹ ò bá rí mi nígbà náà! Mo rò pé èmi nìkan ni ẹgbẹ́.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, ó síngbọnlẹ̀ gan-an. Ó wà ní láìnì, ìyẹn àwọn márùn-ún tó ń tò síwájú mi kí ẹgbẹ́ kejì má bàa wó mi mọ́lẹ̀ kí n tó ju bọ́ọ̀lù. Nítorí pé a ò pọ̀, tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn kejì, òun náà ló tún ń wà ní láìnì tó ń dí wọn lọ́nà. Kóòṣì wa, òyìnbó Wigan kan, máa ń sọ pé ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, ṣùgbọ́n láìnì ló ń borí. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá rántí dúpẹ́, Ẹ̀gbọ́n á ní, "Ṣé èmi á wà lọ́jà kí orí ẹ wá wọ́ ni?"

Lọ́jọ́ tí a ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Rochdale, nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ká ṣòkòtò sókè láti fún báńdéèjì le. Orúnkún ẹ̀ ti wú, ó ń dán.

"Háà, Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò lè gbá bọ́ọ̀lù lónìí o."

"Ta ló máa wá dúró? Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń jókòó de ààyè mi yẹn? Wọ́n á gba orí ẹ̀ kọjá sára ẹ. Má sọ fún kóòṣì o."

Mo ní, "Kò burú, sà." Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn. Nílé wa, a kì í tú àṣírí àgbà síta, áḿbọ̀tórí fún òyìnbó. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan. Ọmọbìnrin kan ń bọ̀ wá wòran, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé mi ṣánlẹ̀ lójú ẹ̀.

Òjò ti sọ pápá di ẹrẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró bí ògiri títí ó fi ku díẹ̀ kí eré parí. Mo ju bọ́ọ̀lù kan tó lọ jìnnà, ọmọ ẹgbẹ́ wa mú un, ariwo ta. Mo ń fò sókè. Ìgbà tí mo wo iwájú, Ẹ̀gbọ́n wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti yí sódì. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ tì í. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, "Ṣé wọ́n fọwọ́ kàn ẹ́?"

"Rárá, sà." Lóòótọ́, nínú gbogbo ẹrẹ̀ yẹn, ẹ̀wù ọrùn mi ṣì funfun báláú.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ náà ò padà bọ̀ sípò. Ó parí ìwé ẹ̀, ó fi ọ̀pá tẹlẹ̀ padà sílé. Mo sìn ín dé pápákọ̀ òfurufú, mo fẹ́ tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ó dàbọ̀ nìkan ni mo sọ. Kò bínú sí mi rí, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, Ẹ̀gbọ́n papòdà. Ọmọ ẹ̀ obìnrin pè mí láti ilé, ó ní ṣé mo ní fọ́tò bàbá òun níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mo tú gbogbo àpótí. Èmi ni mo kún inú ẹ̀: èmi tí mo nawọ́ sókè, èmi tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ti Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ẹ̀ ni, tàbí èjìká. Mo fi èyí tó hàn jù ránṣẹ́ sí i.

Ó pè padà. "Ẹ ṣeun, sà. Èwo ni dádì mi níbẹ̀?"

Mo ní, "Èyí tó dúró síwájú mi."