Ìdáhùn Tí A Fún Nọ́ọ̀sì ní Odigbo

Ọjọ́ tí ogun Bìáfúrà dé Ore, gaàrí ni mò ń yan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìjà Ore dápàárá. Èmi wà níbẹ̀. Ìbọn ń dún lójú ọ̀nà Bìní. Mo pọn Bọ́lá ọmọ wa, ọkọ mi pọn ìyá rẹ̀, a gba inú oko kòkó sá lọ sí Odigbo. A ò tíì jìnnà tí ọta fi ba ọkọ mi níkùn. A ò mọ ẹni tó yìnbọn náà títí dòní.

Nígbà tí a fi gbé e dé Odigbo, àwọn sójà ìjọba ti sọ kíláàsì kan di ọsibítù. Orí tábìlì tíṣà ni dókítà wọn ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, tó yọ ọta náà. Nọ́ọ̀sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó, bí kò bá tọ̀, bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ara rẹ̀ bá tutù, ẹ sáré pè mí. Ẹ má dúró o."

Ní ọjọ́ kejì, mo rí gbogbo rẹ̀. Kò tọ̀ láti àná. Òógùn tútù bò ó, ikùn rẹ̀ le bíi pátákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ní kí n ṣí fèrèsé tó ti ṣí sílẹ̀. Mo dìde. Ìyá ọkọ mi di ìró mi mú.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ pe nọ́ọ̀sì, Màmá. Ara bàbá Bọ́lá ò yá."

"Háà! Má fi ẹnu rẹ pe ibi wá bá ọmọ mi!"

Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi kọjá. "Bàbá Bọ́lá, ara ń kọ́?"

Ọkọ mi kì í ráhùn lójú àlejò. Ó ní, "A dúpẹ́." Ìyá rẹ̀ ní, "Ara ti ń le, Jésù ṣeun." Nọ́ọ̀sì wá wo ojú mi.

"A dúpẹ́, mà," ni èmi náà wí. Òmùgọ̀ ni mí! Ó yára lọ bá àwọn tó ń kérora.

Nígbà tí oòrùn kàn àtàrí, ọkọ mi ò dá mi mọ̀ mọ́. Mo já ìró mi gbà, mo figbe ta. Dókítà sáré dé.

"Ìgbà wo ló tọ̀ kẹ́yìn?"

"Àná, sà."

"Àná kẹ̀! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú ikùn rẹ̀. Wọ́n gbé e padà sórí tábìlì, ibẹ̀ ló kú sí.

Ìbọn dákẹ́, a padà sí Ore, kòkó ti jẹrà lórí igi. Èmi àti ìyá ọkọ mi jọ gbé ilé kan náà títí tó fi kú, a ò sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí. Inú rẹ̀ ṣì ń bí mi, inú ara mi pàápàá ń bí mi. Nígbà tí Bọ́lá dàgbà, ó bi mí pé kí ló pa bàbá òun. Mo ní ogun ni. Irọ́ ni mo pa fún un.