Ámpù Tí Bàbá Káfílátù Fi Sílẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà mí gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, etí yìí kan náà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, ibà ò sì ṣe mí. Ọ̀sán ni, kì í ṣe òru. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú, torí àwọn òkú tí mo ti ń gbọ́ ìròyìn wọn tẹ́lẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jáde.

Rédíò ni mò ń tún ṣe ní Ìlá, lọ́nà tó lọ sí Òkè-Ìlá. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, iná mànàmáná ló kọ́ mi ní ìyókù. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, èmi àti Bàbá Káfílátù, ẹ̀gbọ́n mi nídìí iṣẹ́ yìí, a máa ń ṣe ámpù: àpótí kékeré kan tó máa ń wà láàárín fóònù àti íápíìsì, tó ń gbé ohùn sókè, tó sì ń fọ̀ ọ́ mọ́. Òun á ṣe tirẹ̀, èmi á ṣe tèmi, a ó wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, fóònù kan náà, íápíìsì kan náà, ká lè mọ èyí tó dùn jù.

Tèmi ní ikùn. Bí wọ́n bá lu ìlù nínú rẹ̀, àyà yín á mọ̀. Tirẹ̀ kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ìgbà tí olórin mí, ẹ ó gbọ́ ìgbà tó gbé itọ́ mì. Ó máa ń sọ pé ámpù mi jọ èmi fúnra mi, pé ikùn nìkan ló ní. Èmi náà á ní ta ló fẹ́ gbọ́ itọ́ olórin.

Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa. Kì í fi orin dán iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó ní orin lè tan etí jẹ, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tí a mọ̀, tó ń pe ẹni tí a mọ̀, kò lè tàn án. Ló bá gba ohùn ara rẹ̀ sórí mẹ́mórì, ó rọra ń pe orúkọ: ti ìyàwó rẹ̀, ti Káfílátù ọmọ rẹ̀, tèmi. Ó parí. Gbogbo ámpù tó bá ṣe, àwọn orúkọ yẹn ló fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló kú. Àìsàn kékeré tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Òjò ti ṣú lọ́sàn-án gangan, ibi gbogbo dúdú. Ìyá Káfílátù ti gbẹ. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí n rí àyè sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn jókòó. Ó gbé mẹ́mórì náà lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ámpù tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ kó tó kú. Ó ní oúnjẹ ò gba ọ̀nà ọ̀fun òun mọ́. Ó ní ohùn ọkọ òun ti ń sá kúrò létí òun, òun ò rántí bó ṣe ń pe òun.

“Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Délé. Màá jẹun lẹ́yìn náà.”

Wáyà kan ṣoṣo ló kù tí ọkọ rẹ̀ ò tíì fi òjé lẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́. Mo ní kó dúró lábẹ́ páànù níta, kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ fúnra mi, kó má lọ jẹ́ pé ariwo ni yóò bá níbẹ̀.

Mo fi sí ámpù tèmi ná. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe Káfílátù, ó pè mí. Ó parí.

Mo wá fi sí tirẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe Káfílátù, ó pè mí. Mo rí i lójú fóònù pé ó ti parí. Àmọ́ mò ń gbọ́ ẹni tó ń mí. Kì í ṣe ariwo bátìrì, mo mọ ariwo bátìrì ju orúkọ àwọn àna mi lọ. Ẹnìkan ń mí, ó ń dúró, bí àgbà tó pe ọmọdé tí ọmọ náà ò tètè dáhùn.

Ó tún orúkọ mi pè. Ohùn náà ti le díẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí wọ́n bá pe ènìyàn tí kò rí ẹni tó pè é, kì í dáhùn. Ìyá mi ti kọ́ mi kí n tó mọ a-bí-dí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò sí ìgbà tó pè mí láyé tí mo dákẹ́. Ẹnu mi ti ní “Sà” kí orí mi tó dé ibẹ̀.

Ó ní, “Sọ fún Ìyá Káfílátù pé mo ti ń pè é.”

Mo já íápíìsì náà sọnù. Ọkùnrin gbogbo bí èmi, abẹ́ tábìlì ni mo bá ara mi, mò ń ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan tó jábọ́. Ti ṣòkòtò mi, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìyá Káfílátù wọlé. Mo sọ fún un pé ámpù ọkọ rẹ̀ ti bàjẹ́, kó lo tèmi. Ó gbọ́ ọ nínú tèmi, ó mi orí.

“Ohùn rẹ̀ ni,” ó ní, “ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wà níbẹ̀.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó rántí Káfílátù, tí kò ní ẹlòmíràn mọ́. Ó ní kí n má fi ọmọ bẹ òun. Ó nawọ́ mú ámpù ọkọ rẹ̀, ó ki íápíìsì bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: “Tó bá ti pè yín, ẹ yọ ọ́. Ẹ má dáhùn.”

Ó gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rín náà lọ. Ojú rẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tí wọ́n ń bi ní ìbéèrè. Bí mo ṣe rí i pé ètè rẹ̀ ń là, mo fò mọ́ wáyà, mo fà á tu kúrò lára ámpù. Mo gbé orí wáyà náà sókè kó rí i. Mo tiẹ̀ ti ń yin ara mi.

Kò wò mí. Íápíìsì ṣì wà létí rẹ̀, òpin rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ orí díẹ̀, bí ìyàwó tó wà nídìí ààrò tí ọkọ ń bá sọ̀rọ̀ láti yàrá.

“Mo ń bọ̀,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí Káfílátù ṣe ìdánwò rẹ̀ tán ná.”

Ó yọ íápíìsì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé ámpù rẹ̀, ó lọ. Ó jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ó ti ń sanra báyìí. Àwọn èèyàn ń kí mi pé mo ṣeun, pé mo bá wọn tún obìnrin náà ṣe. Káfílátù ti dé kíláàsì ìparí, ọmọ tó mọ̀wé ni, gbogbo àdúgbò ló ń gbàdúrà pé kó yege. Èmi nìkan, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ni mò ń gbàdúrà pé kó fìdí rẹmi, kó tún un ṣe, kó sì tún tún un ṣe.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, bí olóògbé bá fi ámpù sílẹ̀ tí wáyà kan kù nínú rẹ̀, ẹ fi wáyà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì ti lẹ̀ ẹ́, tó pè yín, ẹ gé ahọ́n yín jẹ. Ìyá Káfílátù ṣáà ráyè bá a dá ìgbà. Èmi, “Sà” lásán ni mo wí, n kò dá ìgbà kankan.