Ọwọ́ Òwú àti Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Méjì

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ Òwú ni gbogbo aláìsàn ń pè é, nítorí pé tó bá ń fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ẹni náà á ṣì máa dúró de ìrora nígbà tí òun ti ń fi òwú tẹ ojú ibẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé ìyàwó òun lè fa ẹ̀jẹ̀ lára òkúta. Ọwọ́ Òwú á ní kó má fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn. Ká má parọ́, obìnrin náà mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí ilé ìwòsàn wọn àti ilé ìwádìí kan lókè òkun tọwọ́ bọ̀wé láti jọ ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ ọmú, òun ni wọ́n yàn láti máa gba ẹ̀jẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún ló ń wá lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ wọn níbí, wọ́n á fi ránṣẹ́, àwọn ará ọ̀hún tí wọ́n ní ẹ̀rọ á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àrùn náà tún ń yọ́ bọ̀, kó tó di kókó tí ọwọ́ lè bà. Ẹni tí àrùn náà bá ń pa dà sí lára, wọ́n á tètè fún un lóògùn. Wọn kì í kọ orúkọ sára ìgò, nọ́ńbà nìkan ni.

Àwọn ará òkè òkun fi ìwé òfin ránṣẹ́, ó nípọn bí ìrọ̀rí. Ojú ewé kan níbẹ̀ sọ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ti wọnú ìgò tán, níṣojú aláìsàn, ni kí nọ́ọ̀sì tó lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn. Ọwọ́ Òwú kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé òun ti gbọ́. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò rí èrò tó ń kún orí bẹ́ǹṣì láti aago mẹ́fà àárọ̀ ló lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, kó tó pe ẹnikẹ́ni wọlé, á ti lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo ìgò, á ti tò wọ́n sínú àwo bí àwọn èèyàn ṣe tò nínú ìwé. Ó máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ yá, kò sì sí ẹni tó wá láti òkè òkun wá wo bó ṣe ń ṣe é.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì tí wọ́n tẹ̀ léra nínú ìwé: ọmọbìnrin aránṣọ kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, àti olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń pè ní Màmá Tíṣà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, èsì dé. Ara Màmá Tíṣà mọ́ tónítóní. Ti aránṣọ kò dáa, àrùn ti ń pa dà bọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un kíákíá. Irun orí rẹ̀ ń re, kò lè jókòó ti máṣíìnì mọ́, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Àánú rẹ̀ ṣe Ọwọ́ Òwú débi pé kì í lè wò ó lójú.

Oṣù mẹ́ta pé, Màmá Tíṣà pa dà wá. Bó ṣe na apá sílẹ̀ ló ń béèrè ọmọ aránṣọ yẹn. Ó ní òun gbọ́ pé ara rẹ̀ kò yá, ọ̀rọ̀ náà sì dun òun.

“Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni,” ló wí. “Lọ́jọ́ yẹn, òun gan-an ló kàn. Ó rí i pé mò ń wo aago, ó ní kí n máa ṣáájú òun wọlé.”

Ọwọ́ Òwú rántí pé òun ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ òun lọ́jọ́ náà, tí òun ń rẹ́rìn-ín, tí òun kàn na ọwọ́ mú ìgò tó kàn nínú àwo, èyí tí nọ́ńbà aránṣọ wà lára rẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ ìyá náà tán, ó rọra fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, ó sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló gba ọ́fíìsì ọ̀gá dókítà lọ, ó sì jẹ́wọ́ fún un.

Èèyàn dáadáa ni dókítà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á. Ilé ìwádìí méjì mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wá dara pọ̀ mọ́ wọn ni. Ó rọra ní ṣé wọn ò lè tún ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì gbà láìpariwo, kí wọ́n ṣàtúnṣe èsì wọn, kí ọ̀rọ̀ má dé òkè òkun. Ó sì rán an létí pé ọdún kan péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn létí Ọwọ́ Òwú. Ó dùn. Ṣùgbọ́n igba obìnrin ó lé mẹ́jọ ló ti kọjá nídìí àwo yẹn, ohun tó sì wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ.

“Méjì yìí ni mo mọ̀, sà,” ló wí. “Àwọn tí mi ò mọ̀ ńkọ́?”

Dókítà tan kọ̀ǹpútà, ó sì pe àwọn ará òkè òkun.

Ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin tó ń darí ìwádìí náà lọ́hùn-ún kò jágbe. Ó béèrè ìgbà tí Ọwọ́ Òwú ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Òwú ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní ẹ̀bi náà kan àwọn náà, pé ìwé ni àwọn fi ránṣẹ́, àwọn ò rán èèyàn. Wọ́n ṣì ní ègé ẹran ara tí wọ́n tọ́jú láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ oníkálukú. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ wé e, títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ni ìgò kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí á dúró ná. Ọwọ́ Òwú kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ kẹrin ni ìdáhùn lórí àwọn méjèèjì dé. Ìgò wọn ti ṣe pàṣípààrọ̀ lóòótọ́: ara Màmá Tíṣà ni àrùn ti ń pa dà bọ̀.

Dókítà fẹ́ lọ sọ fún wọn. Ọwọ́ Òwú ní òun ni òun máa lọ. Ó kọ́kọ́ lọ bá aránṣọ, ó sì ní kó má lo oògùn náà mọ́. Ọjọ́ kejì, dókítà fi ọkọ̀ gbé e dé ilé Màmá Tíṣà, ó sì dúró dè é níta. Ọwọ́ Òwú kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Màmá Tíṣà gbọ́ ọ títí dé òpin, ọwọ́ rẹ̀ ń to ìwé ìròyìn tó wà lórí tábìlì jọ.

“O ti sọ fún ọmọ yẹn?”

“Àná ni, mà.”

“Kí ló ṣe?”

“Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó wá gbá mi létí.”

“Ó ṣe dáadáa,” Màmá Tíṣà wí, kò sì rẹ́rìn-ín. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo ti jókòó sílé yìí, ṣé oògùn náà ṣì lè ràn mí lọ́wọ́?”

“Dókítà ní ó lè ràn yín lọ́wọ́, mà. Wọ́n ní ì bá sàn ká ní…”

“Má parí ẹ̀,” Màmá Tíṣà wí. Ó dìde, ó sì ń wá bàtà rẹ̀.